Ta Ni Ó Rajà Tí Ó Burú Jù? Ọ̀rọ̀ Lórí Ṣíṣa Àwọn Eléré Bọ́ọ̀lù Ní Amẹ́ríkà

  Ọ̀rọ̀ eré ni mo gbé wá lọ́sẹ̀ yìí, ṣùgbọ́n mo bẹ ẹ̀yin ìyá kí ẹ má ṣe ṣí ojú ìwé yìí kọjá kíákíá. Ọ̀rọ̀ ọjà rírà ni ó wà nínú rẹ̀, kò sì sí ẹni tí ó mọ ọjà rà tó yín.

Ọ̀pọ̀ nínú yín ni ó ní ọmọ, tàbí àbúrò, tàbí ọmọ-ọmọ ní Houston, ní Chicago tàbí ní New York. Bí ẹ bá bá wọn sọ̀rọ̀ lórí fóònù ní oṣù April, ẹ ó gbọ́ ariwo lẹ́yìn wọn, ẹ ó rò pé ìjà ni. Kì í ṣe ìjà, iyàn ni. Oṣù náà ni àwọn ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù ilẹ̀ wọn máa ń ṣa àwọn ọ̀dọ́ tí wọn yóò gbà síṣẹ́, iyàn tí kì í sì í tán lẹ́nu wọn ni èyí: nínú gbogbo àwọn tí wọ́n ti ń ṣà bọ̀ láti ọjọ́ pípẹ́, èwo ni kò yẹ fún iye tí wọ́n fi gbà á? Ẹ jẹ́ kí àwa náà bá wọn dá sí i.

Bọ́ọ̀lù tí à ń wí yìí kì í ṣe èyí tí àwọn ọmọ wa ń fi ẹsẹ̀ gbá. Bọ́ọ̀lù ẹlẹ́nu ṣóńṣó méjì ni. Ọwọ́ ni wọ́n fi ń gbé e sáré, ọwọ́ náà ni wọ́n sì fi ń jù ú. Ẹni tí bọ́ọ̀lù kọ́kọ́ ń dé ọwọ́ rẹ̀, tí ó ń wo ibi tí yóò jù ú sí, ni wọ́n ń pè ní kọ́tábáàkì. Òun ni ó dà bí awakọ̀ láàárín wọn. Bí ó bá mọ ọkọ̀ wà, gbogbo èrò ni yóò gúnlẹ̀ láyọ̀. Bí kò bá mọ̀ ọ́n wà, gbogbo wọn ni yóò bá a bọ́ sí kòtò. Nítorí náà ni ó fi jẹ́ pé orí àwọn kọ́tábáàkì ni owó tí ó pọ̀ jù ń ṣòfò lé.

Ní ọdún 1935, Bert Bell tí ó ni ẹgbẹ́ Philadelphia Eagles rí i pé àwọn ẹgbẹ́ olówó ni ń gba gbogbo ọ̀dọ́ tí ó mọ eré náà, tí àwọn tálákà inú wọn sì ń kú lọ. Ó dá a lábàá pé kí ẹgbẹ́ tí ó bá ṣe ìkẹyìn ní ọdún tí ó kọjá ni kí ó kọ́kọ́ mú ẹni tí ó wù ú, kí ẹni tí ó tún tẹ̀ lé e láti ìsàlẹ̀ mú tirẹ̀, bẹ́ẹ̀ títí dé orí ẹni tí ó gba ife. Wọ́n ṣe àkọ́kọ́ rẹ̀ ní Philadelphia ní oṣù February 1936. Ẹni àkọ́kọ́ tí wọ́n pe orúkọ rẹ̀ ni Jay Berwanger láti Yunifásítì Chicago. Ǹjẹ́ ẹ mọ̀ pé ẹni náà kò gbá bọ́ọ̀lù olówó kan ṣoṣo títí ó fi kú? Òun àti àwọn tí wọ́n fẹ́ gbà á kò rẹ́ lórí owó, ó sì bá iṣẹ́ mìíràn lọ. Láti ọjọ́ kìíní ni ọjà yìí ti ń tan àwọn òǹrajà.

Lónìí, ẹgbẹ́ 32 ni ó ń ṣe é, ìyípo méje ni wọ́n sì ń yí i. Ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan lè ta àyè rẹ̀ fún ẹlòmíràn, tàbí kí ó fi àyè púpọ̀ ra ọ̀kan ṣoṣo tí ó ga. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990, ẹgbẹ́ Dallas Cowboys tilẹ̀ kọ iye tí àyè kọ̀ọ̀kan tó sílẹ̀ bí ìwé òǹkà ọjà. Àyè kìíní tó 3,000, ìkejì tó 2,600, ìkẹrìndínlógún tó 1,000, ìkejìlélọ́gbọ̀n sì tó 590. Láìpẹ́, ìwé òǹkà yìí ni àwọn yòókù náà fi ń ná ara wọn. Ẹ fi èyí sọ́kàn, nítorí òun ni òṣùwọ̀n tí a ó fi wọn gbogbo ọ̀rọ̀ wa.

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ọmọ tí yóò jẹ́ àṣàmú, kékeré ni yóò ti máa jẹnu ṣámúṣámú. Òwe yìí ni gbogbo àwọn tí ń ṣa eléré gbà gbọ́. Wọn a wọn gíga ọmọ, wọn a wọn ọwọ́ rẹ̀, wọn a ka ìṣẹ́jú àáyá tí ó fi sáré. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà kan náà ni ó ní orí burúkú kì í wú tuulu, a kì í dá ẹsẹ̀ aṣiwèrè mọ̀ lójú ọ̀nà. Láàárín òwe méjèèjì yìí ni ọ̀kẹ́ àìmọ́ye dọ́là ti wọlẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a pe àwọn ẹlẹ́jọ́ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Ẹni tí ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń kọ́kọ́ dárúkọ ni Ryan Leaf. Ní ọdún 1998, kọ́tábáàkì méjì ni gbogbo ayé ń wò: Peyton Manning àti òun. Àwọn kan tilẹ̀ ní Leaf ni ó lọ́wọ́ jù. Ẹgbẹ́ Indianapolis Colts mú Manning sí ipò kìíní. Ẹgbẹ́ San Diego Chargers wà ní ipò kẹta, ẹ̀rù sì ń bà wọ́n kí Leaf má bọ́ mọ́ wọn lọ́wọ́. Kí wọ́n lè fi ìṣísẹ̀ kan ṣoṣo gòkè sí ipò kejì, wọ́n fún ẹgbẹ́ Arizona ní ipò kẹta náà, àyè ìyípo kejì kan, àyè ìyípo kìíní ti ọdún 1999, àti eléré méjì lé e. Ní ọdún rẹ̀ àkọ́kọ́, bọ́ọ̀lù 15 ni Leaf jù sí ọwọ́ ọ̀tá, méjì péré ni ó sì jù tí ó di àmì ayò ńlá. Ìgbà 25 péré ni ó wọ pápá ní gbogbo ayé eré rẹ̀. Manning ní tirẹ̀ gba ife Super Bowl lẹ́ẹ̀mejì.

Ẹni kejì ni JaMarcus Russell. Ẹgbẹ́ Oakland Raiders mú un sí ipò kìíní pátápátá ní ọdún 2007. Kọ́tábáàkì gíga, alágbára, tí ó lè ju bọ́ọ̀lù bí ẹni fi kànnàkànnà ta òkúta. Owó tí wọ́n kọ sínú ìwé àdéhùn rẹ̀ lé ní 60 mílíọ̀nù dọ́là fún ọdún mẹ́fà, èyí tí ó sì dájú nínú rẹ̀, bí ó ṣeré bí kò ṣeré, lé ní 30 mílíọ̀nù. Nínú ìdíje 25 tí ó bẹ̀rẹ̀, méje ni ó borí. Wọ́n lé e ní oṣù May 2010. Ẹni tí wọ́n mú tẹ̀ lé e ní ọjọ́ náà, Calvin Johnson, àti ẹni tí ó tẹ̀ lé ìyẹn, Joe Thomas, àwọn méjèèjì ni orúkọ wọn ti wọ ilé ìrántí àwọn akọni eré náà ní ìlú Canton.

Ẹni kẹta ni Tony Mandarich, tí ẹgbẹ́ Green Bay Packers mú sí ipò kejì ní ọdún 1989. Kì í ṣe kọ́tábáàkì. Ọ̀kan nínú àwọn abara-ńlá tí ń dáàbò bo kọ́tábáàkì ni. Nínú àwọn márùn-ún àkọ́kọ́ ọdún náà, mẹ́rin ni ó wọ ilé ìrántí ní Canton: Troy Aikman, Barry Sanders, Derrick Thomas àti Deion Sanders. Ọ̀kan tí kò wọ̀ ọ́ ni Mandarich. Lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún, ní 2008, ó jẹ́wọ́ pé oògùn ni òun lò tí ara òun fi tóbi tó bẹ́ẹ̀ nígbà tí òun wà ní yunifásítì.

Ẹjọ́ tí ó tún wà nílẹ̀ ni ti àwọn ẹgbẹ́ tí ó ná owó ilé ọkọ lórí ohun tí kì í ṣe oúnjẹ. Ní ọdún 2012, ẹgbẹ́ Jacksonville Jaguars lo àyè àádọ́rin láti mú Bryan Anger, ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ kò ju kí ó fi ẹsẹ̀ gbá bọ́ọ̀lù jìnnà nígbà tí ẹgbẹ́ rẹ̀ bá ti kùnà. Wọn kò ní kọ́tábáàkì gidi nílé. Lẹ́yìn ènìyàn márùn-ún, ní àyè 75, ẹgbẹ́ Seattle mú kọ́tábáàkì kan tí ń jẹ́ Russell Wilson, ní oṣù February 2014 ó sì ti gba ife Super Bowl fún wọn. Bẹ́ẹ̀, Anger mọ iṣẹ́ rẹ̀ o! Ó ṣe é fún ọ̀pọ̀ ọdún, wọ́n sì fi oyè dá a lọ́lá. Kò sí ohun tí ó ṣe iyọ̀ tí a rà. Ṣùgbọ́n bí a bá fún ìyàwó ilé ní owó ọbẹ̀, tí ó fi ra iyọ̀ olówó iyebíye, tí kò wá sí ẹran, kò sí ẹja, kí ni a ó jẹ?

Ibí yìí gan-an ni mo fẹ́ kí a dúró sí, ẹ̀yin òǹkàwé mi. Nínú iyàn yìí, ohun méjì ni àwọn ènìyàn ń dà pọ̀. Wọ́n ń wá ẹni tí eré rẹ̀ burú jù, wọ́n sì rò pé òun náà ni ọjà rẹ̀ burú jù. Bẹ́ẹ̀ kọ́. Bí ọdún Iléyá bá ń bọ̀, tí bàbá kan bá lọ sí ọjà àgbò, tí ó rí àgbò kan tí ìwo rẹ̀ lọ́ wéréké, tí ó ta gbogbo ewúrẹ́ ilé, tí ó sì ta oúnjẹ oṣù méjì láti rà á, àgbò náà lè sanra, kí ẹran rẹ̀ sì dùn. Àgbò kò ṣẹ̀. Ọjà tí bàbá rà ni ó burú. Ọbẹ̀ tí ó dùn, owó ni ó pa á, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ọbẹ̀ kan ṣoṣo kì í ṣe oúnjẹ ọdún.

Nítorí náà, kí a tó dá ẹjọ́ òǹrajà, ohun mẹ́ta ni kí a bi í. Èkíní, kí ni ó fi sílẹ̀? Èkejì, ta ni ó fo kọjá? Ẹ̀kẹta, kí ni ojú rẹ̀ rí ní ọjọ́ tí ó rà á? Ìbéèrè kẹta yìí ṣe pàtàkì, nítorí pé ẹni tí ó ti mọ ìdáhùn ni gbogbo àlọ́ ń rọrùn fún. Ní ọdún 2000, gbogbo ẹgbẹ́ ni ó fo Tom Brady kọjá títí dé àyè 199. Kọ́tábáàkì mẹ́fà ni wọ́n pè ṣáájú rẹ̀. Ife Super Bowl méje ni ó gbà kí ó tó fẹ̀yìn tì. Ǹjẹ́ gbogbo wọn ni ó jẹ́ òmùgọ̀? Rárá. Kò sí ẹni tí ó rí i, àwọn New England Patriots tí ó mú un pàápàá kò rí i, nítorí bí wọ́n bá rí i, wọn kì bá tí dúró di ìyípo kẹfà. Ní ọdún náà, orúkọ 254 ni wọ́n pè, orúkọ Adewale Ogunleye, ọmọ tí wọ́n bí ní New York tí orúkọ rẹ̀ fi hàn pé ara wa ni, kò sì sí nínú wọn, nítorí pé orúnkún rẹ̀ fara pa ní yunifásítì. Ẹgbẹ́ Miami gbà á láìná àyè kankan lé e. Ní 2003, ìgbà 15 ni ó gbé kọ́tábáàkì ọ̀tá ṣánlẹ̀. Kò sí ẹni tí ó ṣe tó bẹ́ẹ̀ ní apá tí Miami wà nínú líìgì.

Àwọn ọ̀mọ̀wé méjì, Cade Massey àti Richard Thaler, gbé ọ̀rọ̀ yìí yẹ̀wò. Thaler yìí ni ó gba ẹ̀bùn Nobel ní ọdún 2017. Wọ́n mú eléré méjì tí iṣẹ́ wọn jẹ́ ọ̀kan náà, tí wọ́n ṣà tẹ̀ lé ara wọn, wọ́n sì wò ó bóyá ẹni tí wọ́n kọ́kọ́ mú ni ó dára jù. Nínú ọgọ́rùn-ún, bíi 52 péré ni ó rí bẹ́ẹ̀. Ìyàtọ̀ wo ni ó wà láàárín èyí àti kí a sọ kọ́bọ̀ sókè? Ohun tí wọ́n rí ni pé àwọn ẹgbẹ́ ń gbójú lé ojú ara wọn jù, wọ́n sì ń san owó tí ó pọ̀ jù láti gòkè. Ẹni tí ó ní àyè púpọ̀ ni ó ní ànfààní púpọ̀ kí oríire lè bá a.

Bí a bá fi òṣùwọ̀n yìí wọ̀n wọ́n, ìdájọ́ mi nìyí.

Leaf kò sí ní ipò kìíní. Òótọ́ ni pé wọ́n san owó gọbọi. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ náà, gbogbo ènìyàn ni ó gbà pé ipò kejì ni ó tọ́ sí i. Nígbà tí ẹgbẹ́ náà sì wó lulẹ̀ tán ní ọdún 2000, àyè kìíní bọ́ sí wọn lọ́wọ́, wọ́n tà á fún Atlanta, wọ́n sì mú LaDainian Tomlinson àti Drew Brees ní 2001. Wọ́n kọ́ ọgbọ́n.

Russell náà kò sí ní ipò kìíní. Àyè ara wọn ni àwọn Raiders fi mú un; wọn kò ta ọ̀la fún un. Owó ni ó dùn wọ́n, àṣà ìgbà náà ni ó sì fa owó. Ní ọdún 2010, Sam Bradford gba àdéhùn 78 mílíọ̀nù dọ́là kí ó tó gbá bọ́ọ̀lù kan ṣoṣo. Ní 2011 ni wọ́n fi òfin dé e; ẹni ipò kìíní ọdún náà, Cam Newton, gba nǹkan bíi 22 mílíọ̀nù fún ọdún mẹ́rin. A lè wí pé òfò irú ti Russell ni ó la ojú gbogbo ilé.

Ẹni tí mo fi sí ipò kejì ni ẹgbẹ́ San Francisco 49ers ti ọdún 2021. Wọ́n fi àyè ìyípo kìíní ọdún mẹ́ta, àti àyè ìyípo kẹta kan, gòkè láti ipò 12 sí ipò kẹta, wọ́n sì mú Trey Lance. Ìdíje mẹ́rin péré ni ó bẹ̀rẹ̀ fún wọn. Ó ṣẹ́ ní ọrùn ẹsẹ̀ ní 2022, ní August 2023 wọ́n sì fi í fún Dallas nítorí àyè ìyípo kẹrin kan. Ta ni ó wá gbà wọ́n? Brock Purdy, ẹni tí wọ́n pe orúkọ rẹ̀ kẹ́yìn pátápátá ní 2022, ẹni 262! Òun ni ó gbé wọn dé àṣekágbá Super Bowl ní February 2024. Ẹ ò rí nǹkan? Èyí tí wọ́n fi gbogbo ilé rà kò gbà wọ́n. Èyí tí wọ́n ṣà nílẹ̀ nígbà tí ọjà tú ni ó gbà wọ́n.

Ipò kìíní wá ńkọ́? Èmi fi í fún ẹgbẹ́ New Orleans Saints ti ọdún 1999. Olórí olùkọ́ wọn, Mike Ditka, fẹ́ràn asáré kan tí ń jẹ́ Ricky Williams débi pé ó kó gbogbo àyè tí ẹgbẹ́ náà ní ní ọdún náà, ó fi ti ìyípo kìíní àti ti ìkẹta ọdún 2000 kún un, ó kó o fún Washington kí ó lè gòkè láti ipò 12 sí ipò karùn-ún. Àyè mẹ́jọ fún ẹnì kan! Ní ọdún náà, ìdíje mẹ́ta ni wọ́n borí, wọ́n sì pàdánù 13. Wọ́n lé Ditka lọ.

Ẹnìkan yóò wí pé, “Ṣùgbọ́n Williams mọ eré!” Bẹ́ẹ̀ ni, ó mọ̀ ọ́n. Ní 2002, nígbà tí ó ti kọjá sí Miami, 1,853 yáàdì ni ó sá, kò sí ẹni tí ó sá tó o ní gbogbo líìgì. Ẹlòmíràn yóò tún wí pé Miami san àyè ìyípo kìíní méjì kí Saints tó jọ̀wọ́ rẹ̀. Òótọ́ ni. Ẹni tí ó bọ́ sí kòtò tí ó sì rí owó he níbẹ̀, oríire ni ó ní, a kò lè pè é ní ọlọgbọ́n. Ní ọjọ́ tí wọ́n ra ọjà yìí, kò sí ohun tí ó fara sin. Ilé tí ó nílò ọwọ́ mẹ́jọ ta ọwọ́ mẹ́jọ ra ẹsẹ̀ méjì. Àṣejù ni, baba àṣetẹ́ sì ni àṣejù.

Mo tún fẹ́ kí ẹ rántí pé ọmọ ènìyàn ni à ń fi orúkọ rẹ̀ jiyàn yìí. Ọmọ ọdún 21 tàbí 22 ni wọ́n, wọn kò sì bẹ ẹnikẹ́ni kí ó ta ilé rẹ̀ nítorí wọn. Leaf ṣubú sínú oògùn, ó dé ọgbà ẹ̀wọ̀n ní ọdún 2012, ó jáde ní 2014, ó sì ti fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ohun tí ojú rẹ̀ rí ní gbangba fún àwọn ọ̀dọ́ láti fi kọ́gbọ́n. Ẹni tí ó náwó ni ó ṣi owó ná, ẹni tí wọ́n ná an lé lórí ni wọ́n sì ń fi ṣẹ̀sín títí di òní.

Ṣé kò sí irú èyí ní ilé wa? Ọmọ mẹ́fà ni a bí, ọ̀kan nínú wọn mọ ìwé ju àwọn yòókù lọ, tàbí ó mọ ọ̀rọ̀ sọ. A ta ilẹ̀ bàbá, a ta ẹ̀rọ ìránṣọ ìyá, a yá owó ẹgbẹ́, a fi gbogbo rẹ̀ rán an lọ sí òkè òkun. Àwọn márùn-ún yòókù jókòó sílé, wọn kò kọ́ iṣẹ́, wọn kò lọ sí ilé ìwé. Bí ọ̀nà kò bá wá gba ti ẹni tí ó lọ, òun ni gbogbo ẹbí yóò máa bú, tí a ó gbàgbé pé àwa ni a ná an ní ìnákúnàá. Bí ó bá sì là pàápàá, àwọn márùn-ún tí a fi ra ànfààní rẹ̀ ńkọ́? Ẹ fún ẹni tí ó já fáfá ní tirẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ má ṣe fi ti gbogbo ilé ṣe é. A kò mọ ẹni 262 tí yóò gba ilé là lọ́la.

Ẹ ka ìdájọ́ yìí sí etí àwọn ọmọ yín tí ó wà ní Amẹ́ríkà. Bí wọ́n bá ní ẹlẹ́jọ́ mìíràn tí ó burú ju ti Saints lọ, kí wọ́n sọ iye tí wọ́n rà á, kì í ṣe bí ó ti ṣeré nìkan. Ó di ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀, bí Ọlọ́run bá dá ẹ̀mí wa sí.